Ìhágún Ìyá Alágbàfọ̀ fún Ọmọ Tó Ń Kọ Ìwé Ìfẹ́

Èmi, Ìyá Alágbàfọ̀, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, agbẹjọ́rò ló ń kọ ọ́. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú ìwé ọjọ́ orí tó so mọ́ ẹ̀yìn èyí. Ẹni tó fi pè mí kẹ́yìn ti kú, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Mi ò mọ̀wé. Ojú mi ríran, orí mi pé, ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ tèmi mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá yẹ̀ mí wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bi mí láàárọ̀ yìí pé ọjọ́ wo la wà. Mo sọ fún un, mo sì fi kún un pé bọ́tìnnì kejì lára ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ́ já. Kí ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí pé ọpọlọ mi wà níbi tó yẹ kó wà.

Agbẹjọ́rò àti ọmọ mi ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ àjò ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Ohun tí mo sọ ni kí wọ́n ṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò pé mo ní lọ́kàn. Mo ti kìlọ̀ fún agbẹjọ́rò pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ ni mo ti ń lọ aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ sílé ẹjọ́, mi ò sì bá a gé apá rẹ̀ rí.

Ìpín kìíní: Ilé. Yàrá méjì, ṣọ́ọ̀bù iwájú àti àgbàlá ẹ̀yìn, ọmọ mi awakọ̀ ló ni wọ́n. Òrùlé ń jò lókè fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ̀, ó ti ń bọ̀ wá tún un ṣe láti ọdún mẹ́rin. Ọmọ mi, mi ò bínú. Ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ kì í mọ̀gbà tí òjò ń rọ̀ sílé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n má ta àgbàlá yẹn kí o tó jókòó níbẹ̀ fún odidi ọ̀sán kan. O ò jókòó níbẹ̀ rí.

Ìpín kejì: Irinṣẹ́. Áyọ̀nù oníná méjèèjì, áyọ̀nù eléèédú, àti gbogbo ọpọ́n ìfọṣọ di ti obìnrin tó gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Omi tó ń wọ́n sáṣọ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Aṣọ mọ́kàndínlógún ló wà lára ògiri tí àwọn oníbàárà kò wá gbà. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní wọn nítorí wọn kì í ṣe tèmi. Kí ó máa lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀wù funfun ọkọ ìyàwó tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá rèé. Mo rò pé kò gbàgbé.

Ìpín kẹta: Tábìlì ìlọṣọ. Èyí di ti ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ awakọ̀ yìí kan náà, tí mo gbà tọ́ láti ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ló ń kọ báyìí. Òpìtàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun lèmi náà ń pè é.

Òpìtàn, káfíńtà òpópónà kejì ló kan tábìlì yẹn. Kò wọ̀n mí. Ó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ń lọṣọ lórí tábìlì ìjẹun, ó gba ṣẹ́ẹ̀tì, ó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbé tábìlì yìí wá. Nígbà tí mo dúró tì í, ó bá ìgbọ̀nwọ́ mi mu rẹ́gí. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi lọṣọ lórí rẹ̀, ẹ̀yìn kò dùn mí lọ́jọ́ kan. Bàbá àgbà rẹ ṣì wà nílé nígbà náà, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ débi pé ó sọ ọ́ fún obìnrin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì bá ẹnì kẹta lọ. Káfíńtà kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ìyàwó kú, a ń kí ara wa.

Ìpín kẹrin: Àkàbà ẹ̀yìn ilé. Ti káfíńtà ni, kí wọ́n dá a padà. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan mìíràn, agbẹjọ́rò ní ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jogún. Mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ sí ẹlẹ́rìí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí, ó ti mọ́ ọn lára. Ó jókòó sídìí fèrèsé bí mo ti ń sọ èyí. Etí rẹ̀ ti di, nítorí náà ni mo ṣe lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ìpín karùn-ún: Olóńgbò. Ó ń jẹun nílé mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin ló ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ìpín kẹfà: Tẹlifíṣọ̀n, àti àga tó kọjú sí i. Òpìtàn ló ni wọ́n. Ẹ fetí sí ìdí rẹ̀.

Iwájú tábìlì ìlọṣọ ni mo gbé e sí, nítorí ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́, ojú mi kò níṣẹ́. Eré tí mo fẹ́ràn jù, ará ilẹ̀ òkèèrè ló ń ṣe é. Èdè tí mi ò gbọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ní èdè tiwa. Èmi tí mi ò mọ álífábẹ́ẹ̀tì, kí ni mo fẹ́ fi ìsàlẹ̀ ṣe? Òpìtàn ló ń kà á fún mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń jókòó sórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí, tó ń kà á sókè bí mo ti ń lọṣọ. Ọkùnrin kan ni, tó ń tún bàtà ṣe, ó fẹ́ràn nọ́ọ̀sì kan, ayé kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn dáadáa. Bí Òpìtàn ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàtà yẹn, oyin ni. Oníbàtà ní ọkàn òun dà bí ilé tí wọ́n tan iná sí, tí wọ́n jáde, tí wọn ò padà. Mo jó ẹ̀wù oníbàárà méjì nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Tíṣà kan wá gba ṣòkòtò, ó dúró wo eré pẹ̀lú wa. Nọ́ọ̀sì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, oníbàtà na báàgì rẹ̀ sí i, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú. Òpìtàn kà á pé, “Bí o bá lọ, ta ni yóò máa pè mí kí n tó mọ̀ pé mo ṣì wà níbẹ̀?” Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí wọ́n kọ ni, “Ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. Gba báàgì rẹ.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà, òun ló ń dá wọn sọ. Ó ní nígbà tí òun kéré, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà máa ń sáré kọjá kí òun tó kà á tán, nígbà tí òun sì wá lè kà á, òun rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ti kéré jù. Mo pè é ní òpùrọ́ níwájú oníbàárà mẹ́ta. Kò sunkún. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya aṣọ funfun kúrò lára aláwọ̀. Láti ọjọ́ náà ohun tí wọ́n kọ gan-an ló ń kà fún mi, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Ó dàgbà, ó lọ, ó kọ ìwé mẹ́rin. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó gbé ìkẹrin wá, ó kà á fún mi láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó parí ó ní, “Màmá àgbà, ṣé ó dùn?” Mo ní, “Irọ́ tó o pa fún mi lórí ìdì aṣọ lo tún lọ tẹ̀ sínú ìwé.” Ó pa ìwé dé, ó ní ó dàbọ̀. Kò tíì padà.

Ìpín keje: Ohun tí mo rí láti ìgbà náà. Èyí náà di ti Òpìtàn.

Wọ́n tún ń ṣe eré oníbàtà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kà á fún mi, ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Àwọn àgbà ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n dé ibi bọ́ọ̀sì, mo rí ohun tí èmi àti ìwọ àti tíṣà kò rí. Ẹnu rẹ̀ ní kó gba báàgì, ọwọ́ rẹ̀ kò fi báàgì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fà á, kò fi sílẹ̀. Ó di ìgbà tí dẹ́rẹ́bà fọn fèrè. Ìyẹn ni kí o máa kọ. Àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ kò níṣẹ́ kankan ju kí wọ́n máa ròyìn ọkàn wọn lọ.

Oníbàtà yẹn ń kan bàtà ní gbogbo ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́. Tìrẹ, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ọrùn ẹ̀wù wọn kò dọ̀tí. Mo ti fọ ẹ̀wù àwọn tó ń fẹ́ra. Wọ́n máa ń làágùn púpọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó lè dá eré dúró níbi tí obìnrin na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, èmi á sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bá a ṣí i. Ìwọ á ṣí ilẹ̀kùn, wàá sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wàá sọ bó ṣe yẹ kó rí lára mi. Mo ní eyín. Má bá mi jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n má kọ́ orin tí wọ́n fi ń pe ẹkún lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dunni, kò nílò onílù.

Ìpín kẹjọ: Ohun kan wà tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe tí ìwà òmùgọ̀ ni mo kà á sí. Lẹ́tà inú eré kì í tètè dé. Ẹni tó kọ ọ́ á ti kú, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí á máa kà á lẹ́bàá ibojì. Nítorí náà mo pàṣẹ pé ìwé yìí kò ní dúró de ikú mi. Agbẹjọ́rò ní ìhágún kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí olúwa rẹ̀ wà láàyè. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó dà á kọ lónìí, kó sì fi lé Òpìtàn lọ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la kó tó lọ sílé ẹjọ́.

Òpìtàn, mo ṣì ọ́ wí. Nínú oníbàárà mẹ́ta tó gbọ́ bí mo ti pè ọ́ ní òpùrọ́, méjì ti kú, mi ò lè pè wọ́n padà kí wọ́n wá gbọ́ èyí. Nígbà tí mo ń wo eré láìsí ohùn rẹ ni mo mọ ẹni tó ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Oníbàtà kò sọ wọ́n rí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ, tí bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ló ń sọ wọ́n, ẹni tó ń lọṣọ ló sì ń sọ wọ́n fún. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Mo rò pé eré ni mo ń wò.

Ilé ni mo wà lójoojúmọ́. Bó o bá dé, má sọ nǹkan kan. Aṣọ mi wà lórí okùn, mi ò lè nàgà mọ́. Kó wọn wọlé.

Mo fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, ọdún tí mo pé mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Áyọ̀nù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlà ìka náà rẹ́. Ẹ wò ó dáadáa.

Ìyá Alágbàfọ̀, àmì ìka rẹ̀.

Àwọn tó rí i nígbà tó tẹ̀ ẹ́:
Káfíńtà òpópónà kejì, ó buwọ́ lù ú.
Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó buwọ́ lù ú.