Ohùn Tuntun Àǹtí Abẹ́rẹ́

                                        Ilé Kẹrìnlá, Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́? Ara tèmi le, bí a bá yọ ti ojú tí ìwé kíkà ń dà láàmú kúrò.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Abẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tí dókítà júwe fún wa, apá wa ò ká a. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta wa ló gba fóònù mi àtijọ́ tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, ó to àwòrán sí i. Bí o bá tẹ àwòrán, ohùn á sọ̀rọ̀. Iye tó gbà kò ju owó bàtà kan lọ. Ohùn ọmọ Àǹtí la gbà sílẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo yan ọ̀rọ̀: omi, oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń dùn mí, ẹ ṣé.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin wá, ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí lọ fún aránṣọ mìíràn; ó ti gbé e kúrò lórí tábìlì. Àǹtí tẹ "omi." Mo bu omi wá, ó dà á sílẹ̀. Ó tún tẹ "omi," "omi," "ó ń dùn mí." Ẹ̀gbọ́n wa ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: atúnfóònùṣe tó wá yẹ bátìrì wò gba fóònù náà, ó yí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọrọ nìkan lẹ fún un. 'Rárá' dà?"

Ojú tì mí. Ìwé kún yàrá mi, n kò rántí rárá! Lójú ẹsẹ̀ ló fi í kún un. Àǹtí nàka sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tẹ "Rárá" ní ẹ̀ẹ̀mejìlá; mo kà á. Ẹ̀gbọ́n wa rọra gbé ẹ̀rọ náà padà sórí tábìlì. "Àbúrò mi, má bínú. Mo ti gbọ́."

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wá yan ìyókù ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ mo ń bi ara mi léèrè: ṣé ohùn ẹlòmíì lè di ohùn ẹni? Lánàá, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi rán bọ́tìnì mọ́ lọ kí i. Ó wo bọ́tìnì náà, ó wojú mi, ó tẹ fóònù: "Tú u!"

Ọ̀rẹ́ mi, òun ni. Òun gan-an ni.

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá ìyá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Oníbéèrè.