Antonio Mímọ́ Kọjú sí Ògiri

Mọ́mì mi,

Lánàá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àdúrà Màmá Àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbéèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn! Ọdún kan péré tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín ní Toronto wá bá wọn gbé nílé níbí, èdè wa ti ń wọ̀ mí lára bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ṣe ń wọlẹ̀.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pọ́n lára ère Antonio Mímọ́. Màmá Àgbà yí i kọjú sí ògiri, ìyà tí wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́ tó bá pẹ́ kó tó bá wọn wá ohun tó sọnù.

"Ìwọ Antonio, o bá mi wá gíláàsì ojú mi. O bá Doming ọ̀mùtí wá ewúrẹ́ rẹ̀! Ṣé orúkọ ọmọ dáadáa tó ń se ìrẹsì fún mi yìí ló wá ṣòro fún ọ? Wàá wo ògiri yẹn títí!"

Èmi ni mò ń se ìrẹsì. Mo rẹ́rìn-ín, Mọ́mì. Mo fẹ́ràn ẹni mímọ́ yìí, torí kò sí ohun tó kéré jù láti bẹ̀ ẹ́ fún, kò sì sí èébú tí kò lè gbà.

Ara màmá yín le, wọ́n ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí Dádì. Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wá sílé o, kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, Màmá Àgbà di ọwọ́ mi mú, wọ́n pè mí ní Nenita, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé mo máa padà wá. Ojú wọn ń tàn. Orúkọ yín ni. Tí wọ́n bá tún pè é, Mọ́mì, ṣé kí n dáhùn?

Analyn