Ipa Odò Tí Iyanrìn Dí

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Àsàláámù aláékùm. Ṣé ibi tí ẹ wà tutù? Ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé Múfú, àbúrò mi, ti kun àwọn fèrèsé ní àwọ̀ ewé, àwọn àgbà agbolé sì ní kò bójú mu. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, obìnrin ni. Mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún báyìí jákèjádò Èkó, wọn ò gba òsì mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì wà ni, ẹ̀ bá dúró létí títì ní Tinúbú títí ẹnì kan á fi fà yín lọ́wọ́ sọdá.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń yọ egungun ẹja fún gbogbo wa kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ tiyín? Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kì í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àpápá, ẹ̀yin náà lẹ gbà kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja àti ẹran inú omi ní yunifásítì. Tí àwọn oníbàárà yín ní Ìdúmọ̀tà bá bi yín pé kí lobìnrin fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ẹ ó kàn máa wọn aṣọ wọn lọ, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí pé ẹ ò rí mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Abúlé apẹja kan wà létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, odò kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàn wọ ọ̀sà. Nígbà kan, ẹran omi ńlá kan máa ń gba ipa odò yẹn wọlé wá jẹ koríko. Ó tóbi tó màlúù, abo rẹ̀ a sì máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú nínú omi. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ọdẹ pa á títí ó fi fẹ́ẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà làwọn agbaṣẹ́ṣe wá ń da iyanrìn sẹ́nu odò, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilẹ̀ tí wọ́n á kọ́lé sí. Omi ò fi bẹ́ẹ̀ ríbi gbà mọ́, koríko rà, a ò sì gbúròó ẹran náà mọ́.

Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá a lè tún odò náà ṣe, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò ìwádìí rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa: ibi tí a ó ti la odò padà, bí omi ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó, irú koríko tí a ó gbìn, àti bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú àwọn ẹran náà ṣì kù. Tí ètò wa bá pẹ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe á dí gbogbo rẹ̀ pa.

Èmi àti ọ̀gá mi lọ bá wọn ní abúlé. Ẹni tí gbogbo wọn ń wò lójú ni Bàbá Rájí, ọdẹ omi, àgbàlagbà tó ti ń pa ẹran náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Tí kò bá gbà, kò sẹ́ni tó máa tukọ̀ fún wa. Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ẹja á pọ̀, ọkọ̀ wọn náà á ríbi gbà. Inú wọn ti ń dùn, ni Bàbá Rájí bá kọjú sí mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, tí ẹran yẹn bá padà wá, ṣé ẹ máa jẹ́ ká pa á?”

Ọ̀gá mi fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bàbá mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Mo wo ojú ọkùnrin náà, irùngbọ̀n funfun rẹ̀ jọ tiyín.

“Rárá, bàbá,” ni mo wí. “A ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á mọ́.”

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìpàdé tú. Nígbà tí a dé èbúté, ọ̀gá mi ní òun máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ṣọ́ọ̀bù yín ni mo gbà lọ. Mo jókòó sáàárín àwọn aṣọ, Múfú ra mínírà fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ló jọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá Bàbá Rájí nínú agbolé wa. Ó ti bèèrè ilé wa láti Ẹbúté Èrò, Màámi sì ti gbé oúnjẹ fún un. Ẹ̀yìn ìrun àlàásárì ló tó sọ ohun tó bá wá.

“Àwọn ìjọba tó ń wá bá wa, ohun tó dùn létí wa ni wọ́n máa ń sọ,” ó ní. “Ìwọ lo sọ èyí tí kò dùn. Ìwọ ni mo lè bá dúnàá-dúrà.”

Ó fẹ́ kí a gba àwọn ọmọ òun síṣẹ́ níbẹ̀, kí ipa odò náà sì fẹ̀ tó ọkọ̀ wọn. Mo sọ èyí tí agbára mi ká fún un, mo sì sọ èyí tí kò ká. Ó tún bẹ̀bẹ̀ pé kí a gba àwọn láyè láti máa pa ọ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Mo ní kò ṣeé ṣe. Nígbà tó yá, ó ní kò burú, apá òun ò tilẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ mọ́.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ètò wa. Ọ̀gá mi kùn, ó tún un kà, ó sì fi mí sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwádìí. Ti lílà odò gan-an ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ga ju wá lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á gbà.

Àná la bẹ̀rẹ̀. Bàbá Rájí fúnra rẹ̀ ló tukọ̀ fún mi. A ń wọn jíjìn omi nítòsí ibi tí iyanrìn dé, ló bá gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ sọ fún mi pé kí n má mira. Imú kan yọ lójú omi, imú pẹlẹbẹ tó nírun. Ó mí kanlẹ̀, bí èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì wọlé padà. Omi pa dé. Mo wo Bàbá Rájí, ó ṣì ń wo ibi tí imú náà wọlé sí.

“Mo ṣebí mo ti pa wọ́n tán,” ó ní.

Ó yí ọkọ̀ padà, ó sì tù wá dé èbúté. Bàbá mi, nígbà tí mo délé, mo sáré wọlé láti ẹnu géètì, mo ti la ẹnu tán láti pè yín kí n tó rántí.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà ṣe ibùgbé yín.

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.