Ìkúnlẹ̀ Tí Ẹ Kọ́ Olúkẹ́mi

Libreville, 1964

Màmá mi,

Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ níkùn fún Olúkẹ́mi, ọmọ-ọmọ yín. Ó lọ dáadáa. Kò gbàgbé ẹ̀kọ́ yín: bí nọ́ọ̀sì bá ti wọlé, á sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á kúnlẹ̀ kí i. Òwú tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ ti já lẹ́ẹ̀mejì péré. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ kì í kí àgbà lóòró.

Nọ́ọ̀sì Régine ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó yé e. Ló bá di pé òun ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Olúkẹ́mi á rẹ́rìn-ín, á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ibà díẹ̀ ló kù. Láàárọ̀ yìí Régine kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ṣùgbọ́n Olúkẹ́mi ò rẹ́rìn-ín, kò lajú. Títí mo fi jáde wá kọ lẹ́tà yìí, Régine ò tíì dìde.

Ẹ bá mi kí bàbá.

Keziah yín