Màmá Ti Gbà Kí A Lọ Pàgọ́

Bàbá Ọlátẹ́jú,

Lẹ́yìn àròyé tí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, Màmá yín ti gbà kí a kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ lórí òkè Jọ́ọ̀sì bí òjò bá ti dáwọ́. Àgọ́ tí mo sá sóòrùn ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n rí tí wọ́n fi mọ̀.

"Ìyàwó, ṣé ilé yín jó ni, tí ẹ fẹ́ lọ sùn lábẹ́ aṣọ?"

Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ilé ẹ̀gbọ́n yín la ó dé sí. N kò bá yín parọ́, n kò sì bú yín. Wọ́n ti ń wá kúbùsù fún àwọn ọmọ nítorí òtútù.

Mo wà ní Samaru títí di ìrọ̀lẹ́. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yà sí yàrá Màmá kí ẹ tó jẹun. Mo ti kúnlẹ̀ ní tèmi. Ẹ̀yin ṣì jẹ wọ́n ní ìdọ̀bálẹ̀.

Hilda