Adìyẹ Tó Sàba Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìyàwó wa ń jẹun, ṣé ọmọ inú rẹ̀ ń tàpá? Ohun tó o wá lọ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ á gbà ọ́ mọ́ra. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́.

Pápá ẹ̀yìn ilé wa ti di ìlú o. Tírélà ló ń já àlòkù ẹ̀rọ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, fóònù tí ẹnikẹ́ni ò lè pè. Wọ́n ní ẹ̀bùn òkè òkun ni, àmọ́ kò sí ọ̀kan tó lajú nínú wọn. Oníṣòwò irin tá à ń pè ní Ẹ̀rín-ò-tán sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé nǹkan, látìgbà náà ni mi ò ti bú bàbá rẹ níwájú wọn mọ́. Mo máa ń kí wọn bí mo bá ń kọjá, torí ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan, àárò ilé á máa sọ ọ́. Tójò bá dá nírọ̀lẹ́, ìkùukùu máa ń rìn kọjá lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, n óò kàn gbé aṣọ tútù dání, n óò máa wò.

Bàbá rẹ ń bá Ẹ̀rín-ò-tán ṣiṣẹ́, wọ́n ń sun wáyà kí bàbà inú rẹ̀ lè jáde. Èéfín rẹ̀ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Ikọ́ ti mú un débi pé bí èèyàn bá kí i, ọwọ́ ló fi ń dáhùn. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọmọ òun lòun fẹ́ rà. Olórí kunkun, òun náà lo jọ.

Èmi gbé tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ wọlé, adìyẹ funfun wa lọ sàba síbẹ̀. Bá a ṣe di onítẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Lọ́sàn-án a ó jókòó, a ó máa wo adìyẹ, bàbá rẹ ní ètò náà dáa, kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ kò pa ọmọ kankan. Ó tún yé òmíràn, kò pa. Mo gbé ẹyin kan sétí mo mì ín, omi ló ń ró nínú.

Òṣùmàrè sì ti wọ kànga wa, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, pupa àti àlùkò. Mo yọ̀, mo pe aládùúgbò wá wò ó. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa náà wá, kò yọ̀ ní tiẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ohun tó ń ṣàn jáde lára àwọn ẹrù ẹ̀yìn ilé yín nìyí. Ẹ má fún aláboyún mu."

O ní kí ìyàwó wa wá bímọ sọ́dọ̀ wa, torí afẹ́fẹ́ ibí mọ́ ju ti ọ̀hún lọ. Ọmọ mi, mo ti kun yàrá, mo ti rán ìrọ̀rí kékeré. Mo máa ń fojú inú rí ọmọ náà, tó ń sùn lábẹ́ fèrèsé. Àmọ́ omi wo ni n óò fi wẹ̀ ẹ́? Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó wá.

Owó ọkọ̀ ni kó o fi ránṣẹ́, èmi ni n óò wá. Fi ti bàbá rẹ kún un, kí dókítà lè wo àyà rẹ̀. Má fi owó náà sínú fóònù o, nínú àwọn tí mo rí níbí, ohun tó wọlé ò jáde mọ́.

Ìyàwó wa á bí wẹ́rẹ́, ilé rẹ ò ní ṣófo. Ẹ jẹ́ kí n bá omi tó mọ́ nílẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Adìyẹ yẹn tún ti sàba. Ọkàn mi ò gbà kí n lé e dìde.