Òkúta Tí Ń Mú Omi Tòrò

                                        Ilé Baba Oumarou,
                                        Manigri, Bàsílà,
                                        Orílẹ̀-èdè Benin.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 2023.

Wassilatou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí tí o ń kọ́ ní Parakou kò tíì mú ọ rù? Mo mọ̀ ọ́, bí ìwé bá ti dé, o kì í rántí oúnjẹ mọ́. Baba àti ìyá rẹ wà dáadáa, wọ́n ń ṣa kajú lọ́wọ́, wọ́n sì ń bi mí ìgbà tí o máa wálé. Èmi náà wà, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn. Djamilatou, àbúrò mi, ti pàdánù oyún rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó pé oṣù méje nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Razak ọkọ rẹ̀ fi alùpùpù gbé e lọ sí Bàsílà, èmi jókòó sẹ́yìn, mo dì í mú. Wọ́n sáré gbẹ̀bí rẹ̀, ṣùgbọ́n òkú ọmọ ni wọ́n gbà. Ọkùnrin ni. Razak sin ín, kò sì tíì padà sóko iṣu títí di òní. Gbogbo ẹni tó ń wá kí wọn ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òùngbẹ omi náà ṣì ń gbẹ àbúrò mi.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, agbẹ̀bí tó gbà á, obìnrin kan láti ẹ̀yà Anii, bi í bí ó ṣe ń tọ́jú abẹ́ rẹ̀. Djamilatou dáhùn láìfi bò, torí ohun tí wọ́n fi ń yìn ín nílé ọkọ nìyẹn. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni ó ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ dé inú lọ́hùn-ún, tí ó sì ń fi òkúta funfun sínú omi náà. Ìyá Razak ló fún un ní òkúta yẹn nígbà ìgbéyàwó. O mọ̀ ọ́n, òun là ń jù sínú omi odò kí ẹrẹ̀ lè wálẹ̀. Bó ṣe ń mú omi tòrò ni àwọn ìyá wa ṣe gbà pé yóò mú obìnrin mọ́.

Agbẹ̀bí náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní ibẹ̀ kò dọ̀tí, Ọlọ́run ti fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Nínú omi tó ń yọ̀ níbẹ̀, ara fúnra rẹ̀ ń ṣe àwọn ohun tíntìntín kan tí àwọn ń pè ní porotéènì, wọ́n sì ń pa kòkòrò àrùn kí ó tó gòkè dé ilé ọmọ. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló gbé wọn wá, wọ́n bá wa wáyé ni. Bí a bá ń fọ inú, àwọn ẹ̀ṣọ́ là ń fọ̀ dànù. Ó ní òun kò lè búra pé ohun tó pa ọmọ yẹn nìyẹn, ṣùgbọ́n kí Djamilatou má ṣe é mọ́, kí omi lásán kan ìta nìkan.

Nígbà tí a padà délé, Ìyá Razak ti gbé omi kaná, òkúta náà wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó fẹ́ràn àbúrò mi gan-an, Wassilatou, ohun tó sì mú un ṣòro nìyẹn. Djamilatou kàn ń wò mí. Èmi ni mo kúnlẹ̀, tí mo sọ ohun tí agbẹ̀bí sọ.

Mo rò pé yóò bínú. Ó gbọ́ tán, ó da omi náà nù, ó jókòó. Ó ní ìyá ọkọ òun ló fún òun náà ní tòun. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú gbogbo oyún tó ní, Razak nìkan ló dúró fún un. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Àwọn tó ṣáájú Razak ńkọ́, Rahimatou?"

Mo ní n ó bi ẹni tó mọ̀. Djamilatou ló lọ jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yà síbẹ̀, ó máa ń bi mí bóyá mo ti rí ẹni tó mọ̀. Mo sọ fún un pé ìwọ mọ̀. Jọ̀wọ́, kọ èyí tí mo lè kà sí i létí. Bí òtítọ́ bá le jù, kọ ìyẹn sọ́tọ̀ fún èmi nìkan.

Bá mi kí Nimatou tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Ìyá Razak náà kí ọ. Ó ní kí o má kánjú, ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ náà ti lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí èsì,
Rahimatou.